Orin kántìrì tuntun wo ló ti dá yín dúró lójú ọ̀nà? Ẹ wá sọ tiyín

Awakọ̀ Tírélà, Dallas

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ tèmi. Tírélà ni mò ń wà láti Dallas lọ sí Nashville, ojú ọ̀nà I-40 ti di ilé fún mi. Lóru ọjọ́ kan ní 2024, mo ti ń sún mọ́ Jackson ní Tennessee, oorun ń kùn mí, ni mo bá tan rédíò. Ọkùnrin kan ń kọrin. Fáyólìn ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gìtá ń dá a lóhùn. Ó ń sọ fún obìnrin tó ti fi í sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun, àti pé òun kì í purọ́. Irọ́ ni gbogbo ohun tó sọ pátá! Ohùn ẹ̀ ló ń tú u láṣìírí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, oorun sì dá lójú mi.

Mo ní lọ́kàn ara mi pé Keith Whitley, olórin kántìrì àtijọ́ yẹn, nìyí. Ṣùgbọ́n Whitley ti kú láti 1989, mo sì mọ gbogbo orin ẹ̀ lórí. Mo yà sí ibi tí àwọn onítírélà ti ń sinmi, mo wá orin náà lórí fóònù. Zach Top ni olórin náà ń jẹ́, ọmọ Sunnyside ní ìpínlẹ̀ Washington. 1997 ni wọ́n bí i, Whitley ti pé ọdún mẹ́jọ nínú ilẹ̀ nígbà náà! Ìgbà tí mo túbọ̀ wádìí ni mo wá rí ibi tí omi ti ń ṣàn wá: Carson Chamberlain, ẹni tó bá a ṣe àwo orin náà, òun ló ń ta gìtá steel, gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lójú okùn, fún Whitley nígbà ayé ẹ̀, òun náà ló sì ń darí àwọn olórin ẹ̀. Wọ́n ní ẹni bí ni là á jọ. Àṣé ẹni kọ́ ni náà ń jọ ni.

Ó yá, ẹ sọ tiyín. Ẹ má kó ti àtijọ́ wá o, gbogbo wa la mọ Jim Reeves. Orin tuntun tí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni mò ń bèèrè.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ojú ọ̀nà o, awakọ̀ wa, Ògún á máa bá yín ṣọ́ irin. (Mo mọ̀ pé ọmọ ìjọ ni yín, ẹ ṣáà ṣe àmín.) Ẹ ní ká má mú Jim Reeves wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ni bàbá wa. Tá a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tá a jẹ ìrẹsì tán, wọ́n á nu ṣẹ́ńjà wọn pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun, wọ́n á gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé e. Ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà títí di nǹkan bí 1975 pé Jim Reeves ń bẹ láyé, torí pé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tuntun ṣì ń jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọkọ̀ òfurufú ti já pẹ̀lú ẹ̀ láti July 1964, àti pé ohun tó ti kọ sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n ń mú jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi ìnáwó òkú kan ni ọ̀rẹ́ wọn ti tú u fún wọn. Màmá wa ní bàbá ò fọwọ́ kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Bàbá ti lọ báyìí. Ní Kérésì tó kọjá, ọmọ mi tó wà ní Kánádà fi orin kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, láti inú àwo tí Joshua Hedley ṣe ní 2018, tí ó pè ní Mr. Jukebox. Ohùn rọ̀, fáyólìn pọ̀, ọ̀rọ̀ ń já geere bí ẹni da epo. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn dúró nínú atẹ. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá bi mí pé, "Wọ́n tún ti rí òmíràn níbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o Màmá, kì í ṣe Jim Reeves. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó wà láyé."

Wọ́n ní, "Kò burú. Ẹ sọ fún un kó má wọ bàlúù."

Onígìtá, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ kí Màmá fún wa.

Ohun tó máa ń mú mi nínú àwọn orin yìí ni gìtá tó ń sunkún yẹn, tí wọ́n ń pè ní pedal steel. A kì í gbé e kọ́rùn. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lójú ẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀pá irin kan yọ̀ lórí okùn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dààlì nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa fi orúnkún ti irin sọ́tùn-ún sósì. Pẹ́dààlì yẹn ló ń fa okùn le tàbí kó dẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tá a ti ta á tán. Ẹni tó bá ti rí onígángan tó ń fún ọṣán mọ́ abíyá kí ìlù lè sọ̀rọ̀, iṣẹ́ kan náà ni! Bóyá ìdí nìyẹn tí etí wa fi gbà á láìjanpata.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ti wa ni mo pè é. Inú orin King Sunny Adé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Demola Adepoju ló ń ta á, ó wà nínú àwo Juju Music tó jáde ní 1982. Nígbà tí mo wá gbọ́ kántìrì, inú bí mi. Mo ní àwọn òyìnbó yìí ti jí gìtá Sunny kó. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, kó tó ṣàlàyé ibi tí Sunny ti mú un.

Ní ọdún tó kọjá, mo gbọ́ Charley Crockett, ọmọ Texas kan tó máa ń kọrin bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Steel yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi láàmú. Owó ojúlówó ò sí lọ́wọ́ mi, mo bá gbé okùn gìtá mi àtijọ́ ga, mo tẹ́ ẹ sórí itan, mo fi ìdí páìpù omi fà á. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A dé ìlà kejì orin ìjọ́sìn, ni pásítọ̀ bá gbọ́wọ́ sókè pé kí á dúró ná. Wọ́n ní kí àwọn wọ́dà wo abẹ́ pẹpẹ, ó dà bíi pé ológbò há síbì kan. Mo gbé páìpù sápò. Mi ò tíì gbé e jáde títí di òní.

Ọmọ Èkó

Ẹ má bínú o, èmi ò rí tuntun níbẹ̀. Òkìrìkà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ni. Wọ́n dé fìlà bàbá wọn, wọ́n kọ ohùn bàbá wọn, ẹ̀yin náà ń sunkún. Ẹni tó yẹ ká máa sọ ni Shaboozey, tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Orin ẹ̀ kan wà ní ipò kìíní Billboard Hot 100, ìwé tí wọ́n fi ń to orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ní 2024. Ìyẹn ló mú nǹkan tuntun wá.

Awakọ̀ Tírélà, Dallas

Àbúrò, mo fẹ́ràn Shaboozey, mo sì máa ń jó o. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ìkòkò ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ń fúnni ní Grammy alára ti ya wọ́n ní 2025: àwo kántìrì ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìgbàlódé lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Nashville

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, iṣẹ́ òru ni kò jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ Èkó, ìwọ ni màá dá lóhùn.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé Nashville kí n tó wọ ilé orin kántìrì kankan. Ẹ̀rù ni. Mo rò pé bí mo bá wọlé, gbogbo fìlà ibẹ̀ ló máa yíjú wò mí. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé DeFord Bailey, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ti ń fọn hàmóníkà lórí Grand Ole Opry, ètò orin kántìrì orí rédíò ní Nashville, kí 1930 tó dé, tàbí pé àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló mú irú bánjò wá, igbá tí wọ́n fi awọ bò. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kentucky, ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Robert's Western World, ilé orin kan ní òpópónà Broadway. Ibẹ̀ há bí inú dáńfó. Bàtà kọ́bọ́ì tò lára ògiri. Àwọn kan yíjú wò mí lóòótọ́, wọ́n sì yíjú padà sí orin.

Wọ́n kọ orin Don Williams kan, mo bá wọn kọ ọ́ dé ìparí. Bàbá òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní Iléṣà. Ó ní ìlú Texas wo nìyẹn. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọmọkùnrin tó ń ta gìtá ní òun fẹ́ kọ èyí tí òun fúnra òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ẹ má bínú bí kò bá tíì jinná. Bàbá kan ta oko rẹ̀, oko ti di ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ géètì ṣì wà lápò ẹ̀, ó máa ń fọwọ́ kàn án bó bá jókòó sídìí oúnjẹ. Orin ò ju ìyẹn lọ. Ohun èlò orin mẹ́ta péré, kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Bàbá mi ta oko kòkó wọn kí n lè lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọn ò bá mi sọ ọ́ rí, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Àdá oko yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn títí wọ́n fi kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lọ́dún, wọ́n á mú un jáde, wọ́n á jókòó sẹ́yìnkùnlé, wọ́n á pọ́n ọn. Oko kankan ò sí tí wọ́n fẹ́ lọ.

Ọmọ tó kọ orin yẹn ò mọ kòkó, kò mọ bàbá mi. Bóyá fìlà bàbá ẹ̀ ló dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, òun ló kọ ọ́, kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá ẹnì kankan. Mo ju ogún dọ́là sínú ike tí wọ́n gbé káàkiri, mo bọ́ síta. Ọmọ Kentucky bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní rárá o, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

Awakọ̀ Tírélà, Dallas

Ẹ̀yin náà kì í purọ́ nìyẹn.

Ọmọ Èkó

Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ Ma. Kí lorúkọ orin yẹn?

Nọ́ọ̀sì, Nashville

Kò dárúkọ ẹ̀. Mo ti padà lọ ẹ̀ẹ̀mẹta láti ìgbà yẹn, mi ò bá a níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ka ti Nọ́ọ̀sì sí Màmá létí. Wọ́n bèèrè bóyá ọmọ náà wọ bàlúù ni.