Ìjáfara Hamlet: kí ló dé tí ẹnu àwọn lámèyítọ́ kò fi kò?

Ọmọ Ìyàrá

Òkun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń ka Hamlet, eré ẹ̀san tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, mo sì ń ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti sọ nípa rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ni ọba Denmark tó ti kú ti fara han Hamlet ọmọ rẹ̀, tó sọ fún un pé Claudius, àbúrò òun tó ti gorí oyè báyìí tó sì ti fẹ́ ìyá Hamlet, ló da májèlé sí òun létí nígbà tí òun sùn nínú ọgbà, tó sì ní kí ọmọ náà gbẹ̀san. Síbẹ̀, ìparí eré ni Claudius tó kú, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ti bá ọ̀ràn náà lọ. Olùkọ́ wa ní ojo ni Hamlet. Ìwé kan ní àròjinlẹ̀ ló pọ̀ jù fún un, òmíràn ní ọ̀ràn ìyá rẹ̀ ni, òmíràn tilẹ̀ ní òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kùnà. Ṣé ọ̀kan nínú wọn ló tọ̀nà ni, àbí kálukú ń sọ ohun tí ìgbà tirẹ̀ fi kọ́ ọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí mo ti lè rí i nínú eré náà hàn mí.

Olùkọ́ Kàbà

Ọmọ Ìyàrá, òkun o. Ìran kan ṣoṣo ni mo máa gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ìran kẹta nínú ìdá kẹta, níbi tí Hamlet ti bá Claudius lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan nítòsí, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá pa ọkùnrin yìí nínú àdúrà, ọ̀run rere ni yóò lọ, nígbà tó jẹ́ pé baba òun kú láìrí àyè ronú pìwà dà. Nítorí náà, òun yóò dúró di ìgbà tí òun bá ká a mọ́ inú ẹ̀ṣẹ̀. Samuel Johnson, tó tẹ àwọn eré Shakespeare jáde ní 1765, gba ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí Hamlet ṣe sọ ọ́, ó sì ní ó burú ju ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kà tàbí kí ó fẹnu sọ lọ. Nígbà tí Coleridge dé sórí ìran kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó ní Johnson kò lóye rẹ̀: àwáwí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀run yẹn, ẹni tí ìrònú ti borí ìṣe nínú rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà láti má ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Coleridge kò fi pa mọ́ pé òun rí díẹ̀ nínú Hamlet lára òun fúnra òun, èyí sì jẹ́ kí n máa fi ìṣọ́ra ka ohun tó sọ.

Ṣáájú rẹ̀, nínú ìtàn àròsọ kan tí Goethe tẹ̀ jáde ní 1795 sí 1796, ó fi Hamlet wé ìkòkò olówó iyebíye tí wọ́n gbin igi óákù sí: gbòǹgbò igi náà tàn, ìkòkò sì fọ́. Ibẹ̀ ni èrò olùkọ́ yín ti wá. Bradley ló dá wọn lóhùn ní 1904, ìdáhùn rẹ̀ ni mo sì gbà jù nínú àwọn ti àtijọ́, nítorí ó padà sínú eré náà. Ó bi wá léèrè pé irú aláìlágbára wo ni yóò gún Polonius, olùdámọ̀ràn ọba, láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé láìṣiyèméjì, tí yóò sì dá nìkan fò sínú ọkọ̀ àwọn olè ojú omi. Gẹ́gẹ́ bí Bradley ṣe wí, ìbànújẹ́ tó wọra ni ikú baba àti ìgbéyàwó kíákíá tí ìyá rẹ̀ ṣe dá sí i lára, òun ló sì mú kí gbogbo nǹkan sú u.

Freud, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ní 1900, ní Claudius ti ṣe ohun tí Hamlet alára fẹ́ ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn láti ìgbà èwe, ìyẹn ni pé kí ó pa baba, kí ó sì gba ìyá. Ernest Jones sọ èrò náà di odindi ìwé ní 1949. N kò gbà á, nítorí ohun tí Hamlet kò sọ ló gbé gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ lé. Ẹni tó pe eré náà ní ìkùnà ni T. S. Eliot, ní 1919: ó ní ìríra tó wà lọ́kàn Hamlet tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá Mọ́pà

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀. Gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí, inú Hamlet ni wọ́n ń wò bí ẹni ń wo aláìsàn, wọn kò wo irú ọ̀ràn tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ta ni ó fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ bá? Adájọ́ àgbà ìlú Denmark ni ọ̀daràn náà fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní, ẹlẹ́rìí yẹn sì ti kú. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe rí kí Shakespeare tó fọwọ́ kàn án. Nínú èyí tí Saxo Grammaticus kọ sílẹ̀ ní èdè Látìn ní nǹkan bí ọdún 1200, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé arákùnrin ló pa arákùnrin. Amleth, ìyẹn Hamlet inú ìtàn yẹn, ń ṣe bí wèrè kí wọ́n má bàa pa òun náà, kò sì sí ẹ̀rí kankan tó yẹ kó máa wá. Nínú eré Shakespeare, àṣírí ni ìpànìyàn náà. Ọjọ́ tí ó ti di àṣírí ni ìjáfara ti wọ inú eré, ẹjọ́ ló sì mú un wá, kì í ṣe àìsàn.

Irú rẹ̀ ti wà lórí ìtàgé kó tó kan Hamlet. Nínú The Spanish Tragedy, tí Thomas Kyd kọ ní àwọn ọdún 1580, Hieronimo jẹ́ adájọ́ ní ààfin ọba Sípéènì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa ọmọ tirẹ̀, kò rí ọ̀nà dé iwájú ọba nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà jẹ́ ọmọ arákùnrin ọba. Eré ló fi tan gbogbo wọn jọ kó tó gbẹ̀san. Ohun tó dùn mí jù ni pé a kì í bi ara wa nípa Laertes, ọmọ Polonius tí Hamlet pa. Òun kò jáfara rárá. Ó kó èrò ya wọ ààfin, ó ní òun ṣe tán láti dúńbú Hamlet nínú ilé Ọlọ́run. Kí ni ìyára yẹn sọ ọ́ dà? Irinṣẹ́ lọ́wọ́ Claudius.

Àgbà Ìsánlú

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Mọ́pà rán mi létí àròkọ kan tó yẹ kí gbogbo ará agbègbè wa kà. Laura Bohannan, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, sọ ìtàn Hamlet fún àwọn àgbà Tiv ní ìhà Benue, ibi tí kò jìnnà sí wa, ó sì tẹ àròkọ náà jáde ní 1966. Àwọn àgbà náà ní ìyá Hamlet ṣe dáadáa bí ó ṣe tètè fẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní òkú kì í rìn, àmì tí oṣó rán wá ni. Wọ́n wá sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù, pé ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí arákùnrin baba rẹ̀, kí ó gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ baba rẹ̀, àwọn ni wọ́n lè gbẹ̀san. Ilé ẹjọ́ tí Ìyá Mọ́pà ní kò sí ní Denmark, àwọn àgbà Tiv ní tiwọn.

Àwa náà mọ opó ṣíṣú láti ilé, nítorí náà ìríra Hamlet lè ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, èèwọ̀ ni kí ọkùnrin fẹ́ opó arákùnrin rẹ̀. Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ Catherine, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èèwọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì fi tú ìgbéyàwó náà ká ní 1533. Ìyàwó tó fẹ́ tẹ̀ lé e ló bí Elizabeth, ọbabìnrin tó wà lórí oyè nígbà tí Shakespeare ń kọ eré yìí.

Ọ̀rọ̀ oyè náà wà níbẹ̀. Yíyàn ni wọ́n ń yan ọba ní Denmark títí di 1660, Hamlet sì ráhùn pé Claudius bọ́ sáàárín òun àti yíyàn náà. Àwa tí oyè ń yí láti ìdílé dé ìdílé mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ẹ tún ro ti òkú náà: ó ní iná ń jó ẹ̀ṣẹ̀ òun dànù lójoojúmọ́. Pọ́gátórì tí ìjọ Àgùdà ń kọ́ni ni èyí, ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọkàn òkú mọ́ kó tó dé ọ̀run, ẹ̀kọ́ tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ sílẹ̀, Wittenberg, ìlú Luther tó tako ìjọ Àgùdà, sì ni Hamlet ti kàwé. Hamlet alára ní ó lè jẹ́ èṣù ló fara hàn òun. Eleanor Prosser gbé gbogbo ìwé rẹ̀ ti 1967 lé iyèméjì yìí.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo padà lọ ka ìdá kẹta, mo sì rí i pé kí eré inú eré tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí Hamlet ní kí àwọn òṣèré fi ṣàfihàn irú ìpànìyàn náà níwájú ọba, Hamlet bẹ Horatio ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí òun náà máa wo ojú ọba. Ṣé ẹlẹ́rìí kejì kọ́ nìyẹn, Ìyá? Bí ojú ọba bá yí padà, ṣé ẹjọ́ kò ti parí?

Ìyá Mọ́pà

O kà á dáadáa, ọmọ mi. Ẹlẹ́rìí ló ń wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tún wo ẹni tó da májèlé nínú eré inú eré náà: Hamlet pè é ní ọmọ arákùnrin ọba, kò pè é ní àbúrò ọba. Ohun tí ààfin rí ni pé ọmọ kan ń halẹ̀ ikú mọ́ arákùnrin baba rẹ̀, ìbáà jẹ́ aláìṣẹ̀ ni Claudius, ó lè dìde. W. W. Greg tún béèrè ní 1917 pé kí ló dé tí ọba kò fi mira nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìṣe nìkan ṣe ìpànìyàn náà láìsọ̀rọ̀, ó sì ní ìran ojú lásán ni òkú náà. Ìbéèrè yẹn ló mú kí Dover Wilson kọ odindi ìwé ní 1935 láti dá a lóhùn. Ìjẹ́wọ́ tó dájú kan ṣoṣo tí Claudius ṣe wà nínú ìran àdúrà tí Olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti parí rẹ̀ kí Hamlet tó wọlé. Àwa òǹwòran la gbọ́ ọ, Hamlet kò gbọ́ ọ.