Ṣé kí n gba ẹ̀ka òfin ilẹ̀ mọ́ra ní Àbújá?

Ẹ̀yin àgbà agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Wuse, ẹjọ́ gbèsè àti ti ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń gbé lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi wá fẹ́ kí n dojú kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan.

Lóṣù tó kọjá, bàbá kan láti Lugbe kó ìwé wá nínú láílọ́ọ̀nù dúdú: ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ fún un, rìsíìtì tí yíǹkì rẹ̀ ti ń parẹ́, àti ẹ̀dà ìwé ẹlòmíràn tó ní nọ́ńbà ilẹ̀ kan náà. Ká ní Ìbàdàn ni, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n níbí, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀, mínísítà ló ń fọwọ́ sí i, fáìlì ló sì ń pìtàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 lálaalẹ́, pàápàá abala 22, tó ní kí ènìyàn gba ìyọ̀ǹda kó tó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti abala 28, tó fún ìjọba lágbára láti gba ilẹ̀ padà.

Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ́ bí àwọn awọnlẹ̀ ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀ ni, àbí ẹnu iṣẹ́ ni n ó ti mọ̀ ọ́n? Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí lè gbọ́ bùkátà láìsọ mí di alágbàtà ilẹ̀, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù? Èdè Haúsá tí n kò tíì gbọ́ dáadáa ńkọ́?