Ibo ni ká ti jẹun ní Kuala Lumpur? Màmá àgbà ń bá wa lọ

Bàbá Tóyìn, Adó-Èkìtì:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọmọbìnrin mi fẹ́ gba oyè ẹ̀kọ́ kejì ní yunifásítì kan ní Kuala Lumpur, olú ìlú Màléṣíà, èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi ni a ó sì lọ bá a yọ̀. Ọ̀rọ̀ bàálù ti yanjú, ti òtẹ́ẹ̀lì náà ti yanjú. Àdúgbò Bukit Bintang ni a ó dé sí. Oúnjẹ ló kù. Bí mo bá sì bi ọmọ náà, ilé oúnjẹ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn nìkan ló mọ̀, nítorí pé fúnra rẹ̀ ló ń dáná ní ìgbà yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí a jẹ́, kí ìmọ̀ràn yín lè bá wa mu. Mùsùlùmí ni ìyàwó mi, kò sì fẹ́ kí òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan òun nímú rárá. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó ní àtọ̀gbẹ, eyín rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, àmọ́ kò sí ata tó ń bà á lẹ́rù. Èmi ní tèmi, kò sí ohun tí n kò lè jẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ àwọn ibi olówó ńlá tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ bíńtín sí àárín àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tí àwọn onílùú gan-an ti ń jẹun ni mo ń wá. Ṣé a lè rí ohun tó jọ òkèlè níbẹ̀, àbí kí ìyàwó mi di èlùbọ́ mọ́ ẹrù?

Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ óò jẹ èrè ọmọ náà pẹ́. Ìlú yẹn ni mo ti kàwé kí n tó wá máa kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ nípa oúnjẹ wọn ni pé kí èèyàn tó bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò, kí ó bèèrè ẹni tó gbé e kaná. Àwọn Màléè, àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ṣáínà àti àwọn tí tiwọn jẹ́ Íńdíà ló pọ̀ jù níbẹ̀, oníkálukú ló sì ní àdúgbò àti ọwọ́ ọbẹ̀ tirẹ̀. Mùsùlùmí ni àwọn Màléè, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn ìyàwó yín yóò ti balẹ̀ jù.

Kampung Baru ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àdúgbò àtijọ́ ni, tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn Màléè ní nǹkan bí ọdún 1900. Àwọn ilé onípákó kan ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ilé gogoro méjì ti Petronas dúró sí ìtòsí, tí ẹ ó máa wò ó lókè bí ẹ ti ń jẹun nílẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Saloma, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020, ló so àdúgbò méjèèjì pọ̀. Bí ẹsẹ̀ màmá bá gbé e, ẹ lè wo àwọn ilé náà tán kí ẹ sì rìn kọjá lọ jẹun. Nírọ̀lẹ́, òpópónà Jalan Raja Muda Musa ni kí ẹ gbà, nasi lemak sì ni kí ẹ bèèrè. Ìrẹsì ni, tí wọ́n fi oje àgbọn sè títí tó fi ń ta sánsán. Wọn yóò kó ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n dín títí ó fi ń ró lẹ́nu sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹyin àti kùkúmbà tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, wọn yóò wá bu ata díndín tó ń jẹ́ sambal lé e. Ata yẹn ni wọ́n fi ń mọ alásè tó gbọ́ iṣẹ́: ó gbọ́dọ̀ pọ́n, kí ó ta, kí adùn díẹ̀ sì wà níkẹ́yìn rẹ̀. Ṣúgà ló ń fún un ní adùn yẹn, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n bu ti màmá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé oúnjẹ Nasi Lemak Antarabangsa wà ní òpópónà yẹn, ó sì lórúkọ, àmọ́ bí ẹ bá rí ibi tí àwọn èèyàn ti tò síwájú obìnrin kan tó ń bu oúnjẹ sínú ewé, ẹ má wulẹ̀ wá pátákó kankan mọ́.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjerò:

Bàbá Tóyìn, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni èmi náà lọ. Olùkọ́ ti sọ ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwúrọ̀. Àwọn búkà kan wà tí wọ́n ń pè ní mamak, àwọn Mùsùlùmí tí orírun wọn jẹ́ Íńdíà ló ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ mi ni oúnjẹ, nítorí náà mo lọ dúró ti ọkùnrin tó ń ṣe roti canai. Ó mú ìyẹ̀fun pípò kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó wá ń fì í lu tábìlì tí wọ́n fi òróró pa títí tó fi fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka ọwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná, nígbà tó sì jinná, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a láti ẹ̀gbẹ́ kí ó lè tú. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, owó rẹ̀ kì í sábà ju ríńgìtì (owó Màléṣíà) 2 tàbí 3 lọ. Òkèlè tí ẹ ń wá nìyẹn, àfi pé ẹ ó jẹ ẹ́ lẹ́nu kí ẹ tó gbé e mì. Kí màmá fi ọbẹ̀ rin ín dáadáa kí ó tó fi sẹ́nu.

Tíì wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún nítorí àìsàn màmá. Mílíìkì dídùn inú agolo ni wọ́n ń fi sí i, wọn yóò sì máa dà á láti òkè bọ́ sínú kọ́ọ̀pù mìíràn títí yóò fi hó yẹ́ẹ́. Ó dùn gan-an, ó sì burú fún alátọ̀gbẹ. Ẹ sọ fún wọn pé "teh o kosong" ni ẹ fẹ́, wọn yóò gbé tíì tí kò ní mílíìkì, tí kò sì ní ṣúgà wá. Ní ti èlùbọ́, òtẹ́ẹ̀lì wo ni yóò fún yín láyè ìdáná? Ẹ má sì di ẹran gbígbẹ rárá, nítorí pé àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ kì í gbà kí èèyàn gbé ẹran wọlé láìgba ìwé àṣẹ.

Àjàyí ọmọ Ọ̀yẹ́:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Jalan Alor, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni wọn yóò fi rìn débẹ̀ láti Bukit Bintang. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, tábìlì àti àga ni yóò kún òpópónà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èéfín ẹran sísun yóò sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Apá adìyẹ sísun ti ilé oúnjẹ Wong Ah Wah níbẹ̀ dùn débi pé èèyàn kò lè jẹ ẹyọ kan péré.

Bí bàbá bá sì fẹ́ lọ fúnra wọn nìkan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Bukit Bintang lọ sí Pasar Seni, kí wọ́n sì rìn dé Petaling Street, òpópónà àdúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ilé oúnjẹ Kim Lian Kee níbẹ̀ ti ń dín núdù Hokkien láti ọdún 1927: núdù tó nípọn, tí ọbẹ̀ sóyà sọ di dúdú, tí wọ́n dín lórí iná èédú. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló ń fún un ní adùn, kí ìyàwó wọn má bá wọn débẹ̀.

Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́:

Àbúrò, n kò gbàgbé Jalan Alor. Mo dìídì fò ó ni. Àwọn àlejò ni wọ́n ń nájà fún níbẹ̀, owó wọn sì ju ti ibòmíràn lọ. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta ẹja àti akàn, wọ́n lè gbé ẹja ńlá kaná fún ẹni tí kò bèèrè iye rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn alásè ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé bí ilé oúnjẹ kan bá kọ ọ́ síta pé àwọn kì í se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di hàlálì. Àmì tí àjọ JAKIM ti ìjọba ń fún wọn ni kí wọ́n máa wò.

Dípò ibẹ̀, ẹ wọ mónórélì, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè, láti Bukit Bintang lọ sí KL Sentral, ẹ ó sì rìn dé Brickfields, àdúgbò àwọn ará Íńdíà. Wọn yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú yín, wọn yóò bu ìrẹsì sí i, wọn yóò sì to ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi yí i ká. Bí ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ bá tán, wọn yóò tún bù sí i láìgba kọ́bọ̀ kún un. Ẹran àti ẹja ni wọ́n ń gbowó lé lórí lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ló bá màmá mu jù, nítorí pé ẹ̀fọ́ náà rọ̀, wọ́n sì lè ní kí ìrẹsì kéré kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ ṣẹ́ ewé náà po sí apá ọ̀dọ̀ yín, alásè yóò mọ̀ pé oúnjẹ òun dùn mọ́ yín.

Bàbá Tóyìn, Adó-Èkìtì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Roti ní òwúrọ̀, Brickfields ní ọ̀sán, Kampung Baru ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ bá gboyè. Ti Petaling Street, àṣírí èmi àti Àjàyí nìyẹn. Ọmọ mi tún ń sọ nípa èso ẹlẹ́gùn-ún kan, durian, pé mo gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ṣé kí n rà á lọ sí òtẹ́ẹ̀lì?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìjerò:

Háà, rárá o! Òórùn rẹ̀ le débi pé ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọlé, wọn kì í sì í gbà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Wọn yóò fún yín ní ìbọ̀wọ́ ọ̀rá. Kílò ni wọ́n fi ń ta òun náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Musang King sì wọ́n ju púpọ̀ nínú àwọn yòókù lọ, nítorí náà ẹ bèèrè iye tó jẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ má fún màmá ju ìwọ̀n ìtọ́wò lọ, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀.