Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì eré ìje ọkọ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Fíláàsìkì bàbá mi ni. Bàbá mi ló mú mi lọ wo eré ìje ọkọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, fíláàsìkì yẹn ló sì máa ń wà láàárín àwa méjèèjì níbi ìjókòó. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, èmi náà ń gbé e dání lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ṣí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní ìgò ni, kò lè wọlé. Mo ní irin ni. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni irin, ìgò ni inú. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí mo páàkì sí tó ìrìn ogójì ìṣẹ́jú, eré sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi pamọ́, kó fún mi ní nọ́ńbà, kí n wá gbà á tí mo bá ń lọ. Ó ní àwọn ò ní ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, kí n gbé e padà tàbí kí n jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Mo jù ú. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá níwájú mi ní gbogbo ọ̀sán yẹn, garawa yẹn ni mò ń rò.

Mi ò bá òfin jà. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ibi ìkópamọ́, àti pé "ìgò" nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé tó bá tíkẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ̀yin ńkọ́?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi yàtọ̀: ẹni tí wọn ò gba agboòrùn lọ́wọ́ ẹ̀ ló jókòó síwájú mi. Òjò dé, ó ṣí i, omi orí ẹ̀ sì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Torí kọ́nà kan ṣoṣo ni mo ṣe ra ìjókòó yẹn, níbẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ kejì sì ti kọjá ti iwájú ní ìyípo ìkẹyìn. Ariwo ni mo gbọ́. Tí wọ́n bá ní ká fi agboòrùn sílé ká wọ aṣọ òjò, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn fíláàsìkì yẹn. Máṣà ni mí, lára àwọn tó ń fi àsíá dúró lẹ́bàá ọ̀nà eré. Ẹ gbọ́ ohun tí àwa ń rí. Táyà tó ń sáré kìlómítà 300 ní wákàtí kan kò nílò ju àfọ́kù ìgò kékeré lọ kó tó jò, awakọ̀ sì lè má mọ̀ títí yóò fi dé kọ́nà. Ní ti àsíá, àwọ̀ ni èdè wa: yẹ́lò ní ewu wà níwájú, pupa ní kí eré dúró. Kò sẹ́ni tó kórìíra àsíá ẹgbẹ́ yín, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá so mọ́ wáyà ọgbà lè bo ojú wa, ọ̀pá gígùn sì lè gún ẹlòmíràn. Ní Zandvoort, pápá eré ìje ọkọ̀ kan ní Netherlands, lọ́dún 2022, nígbà tí wọ́n ń sáré láti mọ ẹni tí yóò ṣíwájú, ẹnì kan ju iná eléèéfín sórí ọ̀nà; àsíá pupa jáde, gbogbo ọkọ̀ dúró. Dróònù ló burú jù lójú tèmi. Hẹlikọ́pútà tó ń gbé ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ lè gbéra nígbàkígbà, kò sì yẹ kó pàdé ohun ìṣeré ẹnikẹ́ni lófuurufú.

Ibi ìkópamọ́ tí ẹ sọ, ẹ̀tọ́ yín ni. Mo ti sọ ọ́ nípàdé wa, màá tún sọ ọ́.

* * *

Ẹ fi tépù wọn kúlà yín nílé. Ní pápá eré ìje ọkọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tí mo lọ, wọ́n gba kúlà, tí kò bá ti ju ínṣì 18 sí 14 sí 14 lọ. Ìgò ò wọlé rárá.

* * *

Ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ jìnnà sí wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo mú lẹ́tà dókítà dání, mo sì fi oògùn sínú páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ takú nígbà tó rí abẹ́rẹ́. Mo fi èsì wọn hàn án lórí fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀, a wọlé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ẹ máa fi bo etí àwọn ọmọdé o. Ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, ariwo ọkọ̀ wọ̀nyẹn sì lè ba etí wọn jẹ́.

* * *

Ẹ ṣeun, máṣà. Mo ti ra òmíràn, irin ni tinú tòde. Ṣé kí n ya fọ́tò inú rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí wọn kí eré tó ń bọ̀ tó dé, bí ìyá ọmọ yìí ṣe kọ̀wé?