Kora tí mo rà ní Gáńbíà: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Kora, ohun èlò orin olókùn 21 tí wọ́n fi igbá tí wọ́n fi awọ bò ṣe, èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ ṣe é ní Brikama, tí ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbé e dé Ilé-Ifẹ̀, awọ rẹ̀ tí àwọn kan nínú yín ní kí n pààrọ̀ ò bàjẹ́ rárá! Ọ̀rinrin àsìkò òjò ló dẹ̀ ẹ́.

Bàbá onílù kan l'Ẹ́nuwá fi èékánná kan igbá rẹ̀, wọ́n tẹ́tí. "Ọmọ mi, awọ màlúù nìyí. Má sá a sóòrùn bíi gángan, igbá ẹ̀ á sán."

Mo ti gbé e kúrò lára ògiri kí ọ̀rinrin má bàa mú un mọ́. Òrùka awọ tó di okùn mú lára ọrùn rẹ̀ ni mo ń tì díẹ̀díẹ̀ kí okùn lè le. Ohùn ti pé, ó dùn dénú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n pààrọ̀ awọ, ẹ ṣé, mi ò ní pààrọ̀ ẹ̀ mọ́.