Èsì: "Ọlọ́lá àfọwọ́rá" kẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti sọ "robber barons", orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń bú Carnegie olówó irin, Rockefeller olówó epo àtàwọn ọlọ́rọ̀ ẹgbẹ́ wọn ayé àtijọ́, di "ọlọ́lá àfọwọ́rá". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun.

Ọmọ tó yọ ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ ló ṣe àfọwọ́rá. "Rá" inú "pòórá" ló wà níbẹ̀: nǹkan ti lọ kí onínǹkan tó fura. Èwo ló pòórá nínú ti Carnegie? Lóṣù Keje ọdún 1892, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ irin rẹ̀ ní Homestead, Pennsylvania, kọ̀ kí wọ́n gé owó iṣẹ́ àwọn, Frick tó fi ṣe alámòójútó ti géètì mọ́ wọn, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi kó 300 ẹ̀ṣọ́ àfowógbà iléeṣẹ́ Pinkerton wá pẹ̀lú ìbọn. Èèyàn kú lọ́tùn-ún lósì. Carnegie wà ní Scotland, ó ń gbafẹ́. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló kọ ọ́ ní 1889 pé ẹni tó bá kú tòun tọrọ̀ kú ikú ẹ̀sín! Àwọn ìjòyè Jámánì àtijọ́ tí wọ́n ti yá orúkọ náà pàápàá, gbangba etí odò Rhine ni wọ́n ti ń gba owó ibodè tí kò tọ́ sí wọn. Bí ẹ bá pè wọ́n ní "ọlọ́rọ̀ ajẹgàba", màá dákẹ́.

Tó bá sì jẹ́ "àf-" yẹn lẹ fẹ́ dandan, ẹ yọ àmì abẹ́ rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ yí ohùn rẹ̀ padà: àfowórà. Iyì àfowórà ni ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 tí Carnegie fowó kọ́. Homestead náà gba tirẹ̀ ní 1898. Ẹ ṣáà mọ "mo ń wówó lọ, mo pàdé iyì lọ́nà". Carnegie ò padà sílé ní tirẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Carnegie nìkan lẹ rí sọ. Rockefeller ńkọ́? Ìkọ̀kọ̀ lòun àtàwọn onírélùwéè ti ṣàdéhùn ẹ̀dínwó owó ìkẹ́rù tó fi lé àwọn elépo yòókù kúrò lọ́jà. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ àfọwọ́rá, kí la fẹ́ pè é? Ní 1905 tó fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan ní 100,000 dọ́là, àlùfáà Washington Gladden figbe ta pé owó alábààwọ́n ni. Ó wá hàn pé àwọn míṣọ́nnárì ọ̀hún ló tọrọ rẹ̀.

"Rá" inú "pòórá" tẹ́ ẹ sọ yẹn, mi ò gbà. Ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní gírámà sọ bẹ́ẹ̀.

---

Àbúrò, èmi náà jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà o. Ilé ẹjọ́ tó tú Standard Oil, iléeṣẹ́ epo Rockefeller, sí iléeṣẹ́ 34 ní 1911 kò pè é ní olè. Ó ní ó ń dí ọjà mọ́ àwọn ẹlòmíì ni. Ajẹgàba náà nìyẹn.

Owó tó o ní ó jẹ́ "alábààwọ́n", ṣé owó ló ni àbààwọ́n àbí ọwọ́ tó kó o wá? Àwọn bàbá wa ì bá béèrè. Ní ti "rá", mú ìwé ọ̀gá rẹ wá, kó o sọ ojú ewé.