Ìdáhùn: "ojú irin àkọsílẹ̀" kọ́, ipa irin ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kalifọ́níà lọ́jọ́ Ajé, mo kí yín. Ìròyìn ìrìn tí ẹ rìn lórí òkè Mount Lowe, lókè Altadena, dùn ún kà. Ṣùgbọ́n "ojú irin àkọsílẹ̀" tí ẹ pe ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́ yẹn ń dùn mí. Ohùn ìsàlẹ̀ dà lórí "kọ̀"? Ohun tí a fi gègé kọ ni àkọsílẹ̀. Àmì kan péré lẹ fò, ọ̀nà rélùwéè sì di ìwé.

Bí ẹ tilẹ̀ fi àmì sí i, kò tíì bá a mu. Ìyàwó ni ọkọ ń kọ̀ sílẹ̀. Ta ló kọ rélùwéè yìí sílẹ̀? Thaddeus Lowe, ẹni tó dá a sílẹ̀, ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1893. Nígbà tó di 1895, ó ti dé ilé ìtura Ye Alpine Tavern. Iná jó ilé ìtura náà ní 1936, ìjì òjò 1938 sì ba ọ̀nà jẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ó parí. Bàbá tó dábàá "àpatì" nínú èsì tirẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ilé tí wọn ò kan òrùlé sí là ń pè ní àpatì. Wọ́n kọ́ èyí parí, ó sì gbé èrò fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

"Ojú" gan-an ló ń bí mi nínú. Irin ti kúrò, ojú wo ló kù? Èmi náà gun òkè yẹn lọ́dún tí mo lọ kí ọmọ mi ní Los Angeles. Lórí Echo Mountain, mo rí àgbá kẹ̀kẹ́ irin ràgàjì tí okùn wáyà máa ń gbà kọjá láyé ìgbà yẹn, okùn tó ń fa ọkọ̀ gba ibi gíga fíofío: níbi tó le jù, mítà 100 síwájú, mítà 62 sókè. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lára àpáta tí wọ́n gé. Gbogbo kọ́nà rẹ̀ ló tẹ̀ roboto. Ẹlẹ́sẹ̀ kì í yà báyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ á gé e kúrú. Ọkọ̀ ló ń yà bẹ́ẹ̀. Kọ́nà 127 ni wọ́n kà lórí apá òkè yẹn. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ kọnkéré Circular Bridge, afárá ò sí lórí rẹ̀ mọ́, mo sì sọ fún ọmọ mi pé, "Ipa irin nìyí."

Ipa, ohùn àárín méjèèjì. Ẹ má kọ ipá fún mi. Ẹsẹ̀ á ti lọ, ipasẹ̀ á kù. Bàbá mi tó fi rélùwéè jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì kì í pe ibi tí wọ́n ti hú irin ní nǹkan mìíràn: "ipa rélùwéè" ni. Ó ti lọ báyìí, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwé gírámà bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan ti fèsì pé "ojú àpá kì í jọ ojú ara", pé bí àpá bá ní ojú, irin tí wọ́n hú náà lè ní in. Ojú àpá ni àgbà wí. Wọn ò wí ojú àdá tó ṣá a.

Ní ti "tóóró" tí ẹ fi ṣàpèjúwe ìbú àárín irin méjèèjì: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 ni, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rélùwéè tó ti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901. N kò gbọ́ kí bàbá mi pe tiwa ní tóóró rí. Ìgbà tí rélùwéè tuntun tí àárín irin rẹ̀ fẹ̀ dé ni tàtijọ́ di tóóró lẹ́nu yín. Ká tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ máa kọ "ipa-irin" pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ láàárín, kó kọ́kọ́ sọ ìdí tí kì í fi kọ "ipa-ọ̀nà".